Ọ̀pá Mẹ́ta Lára Ògiri

Aago mẹ́rin òru la fi Bahía Blanca sílẹ̀,
àwa mẹ́rin nínú Renault tó dàgbà ju ìgbéyàwó Ovidio lọ,
ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan tí okùn dì mú,
èkejì tí kì í ṣí àfi tí o bá bẹ̀ ẹ́.
Anahí ló ń wakọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ àríyànjiyàn.
A ò tí ì dé Río Colorado tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbo ewé yerba là ń mu nínú ado kékeré,
irin ìfàmu kan ṣoṣo, ẹnu mẹ́rin.
Níbí, ẹni tó bá ní "ẹ ṣeun" ti sọ pé ó tó òun,
ado á sì máa fò ó kọjá.
Fabricio kò dúpẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Ilẹ̀ tẹ́ rẹrẹ. Kò sígi.
Atẹ́gùn Patagonia kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé:
ó gbá ọkọ̀ létí ọ̀tún, ó gbá a lósì,
Anahí di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú bí ẹni di ìwo màlúù mú.
Ẹyẹ ńlá kan tó jọ ògòngò bá wa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà,
ó wò wá, ó rò ó, ó yà bàrà sínú ìgbẹ́.
"Ìyẹn mọ ibi tó ń lọ," ni Ovidio wí.

Ní Piedra del Águila a dúró repo.
Ibẹ̀ ni Ovidio ti ní ẹja tóun mú léṣìí
gùn tó apá òun. Fabricio ní apá ta ni?
Wọ́n tú gbogbo ẹrù orí ọkọ̀ kalẹ̀ nítorí rula.
Rula wà. Àwòrán wà.
Ẹja inú àwòrán náà dà bí ẹni tójú ń tì.
"Ẹja ẹnu kì í kún ìkòkò," Anahí ní, "ẹ wọlé ká lọ."
A fẹ̀rín kó ẹrù padà sókè,
a sì lọ.

Odò Aluminé, ìrọ̀lẹ́.
Omi náà mọ́ débi tí mo fi rò pé kò sí níbẹ̀,
àfi òkúta tó ń mì.
Anahí tú tàpólì. Ó dúró. Ó tún un gbọ̀n wò.
Ọ̀pá ìpẹja mẹ́ta, èyí tí bàbá Fabricio fọwọ́ ara rẹ̀ dán,
wọ́n wà lára ògiri ilé epo,
ó lé ní igba kìlómítà sẹ́yìn.

Láti òru ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́.
Wọ́n wá dákẹ́. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́.

Nígbà tó yá, Ovidio ṣí agolo èso písì.
"Ẹ jẹun."
A jẹ ẹ́ tán, a mu omi rẹ̀.
Ó fọ agolo, ó wé okùn mọ́ ọn lára
bí a ti ń ṣe lọ́mọdé létí Napostá,
nígbà tí ọ̀pá jẹ́ ti ọmọ olówó.

Ẹ wo ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta
nínú omi dídì dé itan,
agolo lọ́wọ́ òsì, ìwọ̀ ń yí lókè orí rẹ̀.
Ó mú ọ̀kan. Ó mú un!
Tíráòtì aláwọ̀ idẹ, àmì tó wà lára rẹ̀
bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí eruku.
Òfin odò ni kí o dá a padà.
Ó tẹ̀ ẹ́ sínú omi, ó rọra dì í mú kó lè mí,
ó ń bá a sọ nǹkan tí kò fẹ́ ká gbọ́.
Fabricio, tí rula wà lápò rẹ̀,
kò yọ ọ́.

Nígbà tí à ń bọ̀, ọ̀pá wà níbi tí a fi wọ́n sí.
Obìnrin tó ń ta epo ti ta okùn láàárín wọn,
ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀ mẹ́fà ń jà nínú atẹ́gùn.
"Tiyín ni? Wọ́n mà wúlò o."
A wojú ara wa.
A dúró kí ìbọ̀sẹ̀ gbẹ.
Anahí po ado mìíràn, obìnrin náà ṣìkarùn-ún,
ado yí, ó tún yí,
kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́.